Àpótí Bátìrì Tí Àǹtí Ràfátù Pa

Bí iná bá lọ nílé wa nígbà tí mo wà ní kékeré, ìró ẹsẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Ọ̀sán gangan ni iná sábà máa ń lọ. Fírísà ìyá wa, tó ti ń kùn láti àárọ̀ bí arúgbó tó ń ka tẹ̀sùbáà, á dákẹ́ lójijì. Rédíò ará ilé kejì náà á dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn kì í pẹ́ rárá kí ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ró lórí sìmẹ́ńtì. Ẹnì kan ń sáré lọ sídìí fírísà, ẹnì kan ń lọ sídìí fáànù, ẹni tó ń ro láfún lọ́wọ́ á fi ọmọrogùn sílẹ̀ nínú ìkòkò. A ó yọ gbogbo nǹkan kúrò lára ògiri, a ó ká okùn wọn, a ó fi àkísà so ó kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì kì í padà. Iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni tèmi, nítorí mo lè fi igi ìgbálẹ̀ ti súwíìṣì rẹ̀. Ìyá wa kì í dìde lórí àpótí ìjókòó rẹ̀. Ó kàn máa ń béèrè lẹ́ẹ̀kan pé, "Ṣé ẹ ti pa á?" A ó dáhùn pé, "A ti pa á, mà." Ìgbà yẹn ni ọkàn ilé á tó balẹ̀, tí láfún á tún máa bá rírò lọ.

Bàbá wa kì í sí nílé nírú àsìkò bẹ́ẹ̀. Òun ló ń tọ́jú bátìrì ní ilé tẹlifóònù ìlú wa, ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Bí iná bá ti lọ báyìí, ọ̀nà ibẹ̀ ló máa gbà, kódà bí òkèlè bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn ilé náà ni yàrá bátìrì wà, ó ní fèrèsé gíga méjì, ilẹ̀ rẹ̀ sì máa ń tutù lábẹ́ ẹsẹ̀. Ìgò ńláńlá onígun mẹ́rin ni àwọn bátìrì náà, wọ́n tò wọ́n sórí pákó lọ́wọ̀ọ̀wọ́, èèyàn á máa rí òjé inú wọn láti ìta. Òórùn ásíìdì ibẹ̀ máa ń ta ní ọ̀fun. Aṣọ iṣẹ́ Bàbá kún fún ihò wẹ́wẹ́, bí ìgbà tí kòkòrò bá jẹ ewé. Nínú yàrá kejì ni ẹ̀rọ tó ń so ìpè pọ̀ wà, ó ń ró tàkàtàkà bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí páànù. Bí iná ìlú bá lọ, ìró yẹn kì í dúró. Ohun tí Bàbá fẹ́ kí ó yé mi nìyẹn. Ó ní tẹlifóònù tó wà nílé dókítà, èyí tó wà láàfin àti èyí tó wà ní tẹ́ṣàn ọlọ́pàá, kò sí ọ̀kan tó ń jẹ iná ilé tí ó wà. Láti inú ìgò wọ̀nyí ni gbogbo wọn ti ń jẹun, wáyà ló ń gbé oúnjẹ náà lọ bá wọn. "Bí gbogbo ìlú bá ṣókùnkùn," ó wí, "ẹni tó bá gbé tẹlifóònù máa gbọ́ ohùn. Ohùn yẹn, èmi ni mo bọ́ ọ." Bàbá kì í yangàn. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo gbọ́ ọ kó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Nítorí náà òfin méjì ni mo bá dàgbà. Nílé, bí iná bá lọ, pa gbogbo nǹkan. Lọ́dọ̀ Bàbá, bí iná bá lọ, má fọwọ́ kan nǹkan kan. Kò rú mi lójú rárá. Ọmọdé kì í béèrè ìdí tí a fi ń bọ́ bàtà ní mọ́sáláṣí tí a kì í sì í bọ́ ọ lọ́jà.

Bátìrì ni èmi náà ń bọ́ báyìí ní Berlin. Ilé gíga kan ní Märkisches Viertel ni mò ń gbé, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa lọ láti àjà ilẹ̀ ilé kan sí òmíràn, kí n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì àwọn ayálégbé wà, kí n wọn bátìrì ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí n pààrọ̀ èyí tó ti rẹ̀. Bí iná ilé bá lọ, kọ́bọ́ọ̀dù yẹn á ṣì máa ṣiṣẹ́ fún wákàtí mélòó kan. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni agbára wa parí. Wáyà kò gbé oúnjẹ lọ sínú ilé mọ́. Ráútà tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì nínú yàrá oníkálukú, ara ògiri ẹni tó ni ín ló ti ń jẹun, bẹ́ẹ̀ sì ni ara ráútà yẹn ni tẹlifóònù ilé wà. Bí iná bá lọ, tẹlifóònù náà kú nìyẹn, àfi bí ẹni tó ni ín bá ra bátìrì tirẹ̀ sídìí rẹ̀. Ta ló ń rà á? Ibi tí iná kì í ti í lọ, kò sí ẹni tó ń múra sílẹ̀ fún un. Bàbá nìkan ló ń bọ́ odindi ìlú nígbà náà. Báyìí, olúkúlùkù ni bàbá ara rẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo tí mo ra bátìrì bẹ́ẹ̀ fún ni Àǹtí Ràfátù, ẹ̀gbọ́n mi, tó ń gbé ní Steilshoop ní Hamburg, àjà kẹsàn-án ilé gíga kan, òun nìkan. Hamburg ni èmi àti ìyàwó mi náà ń gbé tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí ìyàwó mi kú tí mo sin ín, mo gba iṣẹ́ ní Berlin. Àǹtí kò bá mi jiyàn, kò sì ní kí n máa lọ. Ó kàn di ẹran díndín sínú kúlà fún mi. Ọdún pípẹ́ ló fi ṣiṣẹ́ nílé ìdáná ọsibítù kan kí orúnkún tó dá a dúró. Lẹ́yìn orúnkún ni òòyì dé. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́ta, dókítà sì sọ ọ́ pẹ̀lẹ́ pé bí ó bá tún ṣubú tí kò sẹ́ni tó gbọ́, kò ní lè máa dá gbé mọ́, Pflegeheim ló máa lọ. Ilé àwọn arúgbó yẹn ni Àǹtí ń bẹ̀rù ju ikú. "Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń fún wọn ní búrẹ́dì tútù," ó wí, "wọ́n á wá ní kí wọ́n lọ sùn. Kí ni mo ṣe?" A bá gba bọ́tìnnì kan tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́, àpótí kékeré kan nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ á pe àwọn tó ń ṣọ́ ọ, wọ́n á bá a sọ̀rọ̀, wọ́n á rán ènìyàn wá. Ara ráútà ni àpótí yẹn náà wà. Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí bí iná bá lọ. Mo gbé àpótí bátìrì kan wá láti Berlin, funfun ni, kò ju búrẹ́dì ńlá kan lọ ṣùgbọ́n ó wúwo bí àpò ẹ̀wà. Mo tì í sábẹ́ tábìlì ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ki ráútà àti àpótí bọ́tìnnì mọ́ ọn. Mo ní, "Àǹtí, ẹ má fọwọ́ kan eléyìí o." Ó wà nídìí ìrẹsì. Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ fọwọ́ kàn án ṣe?" Ó kù díẹ̀ kí ọkọ̀ ojú irin mi gbéra. Mo lọ.

Bí mo bá ń ronú lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ọdún kan ní ilé wa ni ọkàn mi máa ń padà sí, ọdún tí ọwọ́ mi kan etí. Ẹni tó dàgbà ní àkókò wa mọ ohun tí mò ń wí. Kí wọ́n tó gba ọmọ sí ilé-ìwé, tíṣà á ní kó gbé apá ọ̀tún kọjá lórí, kó fi ìka kan etí òsì. Bí kò bá kàn án, kó máa lọ sílé. Kúkúrú ni mí. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi dá mi padà. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń kọ orúkọ ara wọn sára ògiri, èmi ṣì ń wá etí mi kiri. Àǹtí Ràfátù, tó fi ọdún mẹ́jọ jù mí lọ, ló máa ń wọ̀n ọ́n fún mi lẹ́yìnkùlé bí a bá ti jẹun tán. "Nà á dáadáa. Má tẹ orí lọ bá ọwọ́, ìwọ onírẹ́jẹ yìí." Òun fúnra rẹ̀ ti wà ní ilé-ìwé girama, ọdún kan péré ló kù fún un. Lọ́jọ́ tí ìka mi kan etí lóòótọ́, ó pe ìyá wa síta. Ìyá wa jáde pẹ̀lú ìpẹ́ ẹja lọ́wọ́, ó yí mi po, ó fọwọ́ kan etí náà bí ẹni pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá tèmi ni. Ó ní, "Ó dáa. Ó ku orí." Wọ́n rán kákì fún mi, wọ́n gbé e kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ wò ó.

Ẹja inú yìnyín ni ìyá wa ń tà, pẹ̀lú omi dídì. Fírísà yẹn ni gbogbo ọjà rẹ̀. Láàárọ̀, kí a tó jí, ìró tí a máa ń gbọ́ ni ti ẹja tó lẹ̀ mọ́ra wọn tí ìyá wa ń là mọ́ sìmẹ́ńtì, gbàù, gbàù, títí wọ́n á fi yà. Orí ẹja ni tiwa. Orí ẹja nínú ọbẹ̀ ilá, pẹ̀lú láfún tó funfun bí òwú, a ó yí àwo kan ká, Àǹtí á máa yọ ojú ẹja fún mi nítorí ó mọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo ti jẹ oúnjẹ olówó iyebíye láti ìgbà náà. Ahọ́n mi kò tíì rí èyí tó dà bí ojú ẹja yẹn.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n ṣí ilé-ìwé nígbà tí iná lọ ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ìyá wa ti lọ kó ẹja. Bàbá ti gba ilé tẹlifóònù lọ. Èmi wà lódò. Àǹtí nìkan ló wà nílé, ó jókòó lábẹ́ igi ọsàn lẹ́yìnkùlé, ó ń kàwé ìdánwò rẹ̀. Ó mọ̀ pé iná ti lọ, nítorí rédíò ará ilé kejì dákẹ́. Ó ní kí òun ka ojú ewé tí òun wà tán ná. Ojú ewé kan péré ni. Kó tó kà á tán, iná dé. Ó dé pẹ̀lú agbára tí a kò rí rí. Mo rí i láti ojú ọ̀nà odò: gílóòbù ẹnu ọ̀nà wa mọ́lẹ̀ yòò lọ́sàn-án gangan, ó funfun bí ojú oòrùn, ó sì fọ́. Nígbà tí mo fi dé ilé, èéfín ti ń jáde lẹ́yìn fírísà. Àǹtí dúró síbẹ̀, ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìka rẹ̀ ṣì wà láàárín ojú ewé náà.

Ìyá wa dé, ó gbé ẹrù sílẹ̀. Ó ṣí fírísà, ó tì í. Ó bi í pé, "Ràfátù, o ò pa á?" Àǹtí ní, "Mo ní kí n ka ojú ewé tí mo wà tán ni, mà." Ìyá wa pín ẹja náà fún ará àdúgbò kó tó bàjẹ́, ó ṣe èyí tó kù fún wa, ọjọ́ mẹ́ta ni a fi jẹ ẹja láàárọ̀ àti lálẹ́, Àǹtí kò sì fẹnu kan ọ̀kan nínú rẹ̀. Bàbá kò bú u nígbà tó dé. Ó jókòó, ó bọ́ bàtà, ó ní, "Ẹ má bẹ̀rù iná tó ń lọ. Èyí tó ń bọ̀ ni kí ẹ máa bẹ̀rù." Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún sáré nílé wa bí iná bá lọ. Àǹtí nìkan ló ń lọ káàkiri, láti ara ògiri kan sí èkejì, ó ń yọ ọ́, ó ń ká a, ó ń so ó.

Ilé-ìwé kò gba owó nígbà náà, ṣùgbọ́n ilé ń fẹ́ ọwọ́. Ìyá wa bẹ̀rẹ̀ sí í kiri ọjà lọ sí abúlé, àárọ̀ kùtù ló ń jáde, ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó dé. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ pọnmi, kó gbé oúnjẹ lọ fún Bàbá, kó ṣọ́ ilé. Ó ní, "Èyí tó ti sún mọ́ òpin ìwé ni kó parí rẹ̀. Wàsíù á dúró ná." Ó wí i lójú àwa méjèèjì, Àǹtí àti èmi Wàsíù. Mi ò rántí pé mo sunkún. Mo rántí pé Àǹtí ń fa koríko ẹní tó jókòó lé yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọdún kan yẹn di mẹ́ta kí ìyá wa tó rí fírísà mìíràn rà, kákì náà sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn títí kò fi gbà mí mọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mo jẹ́ kí n tó wọ ilé-ìwé, orí àwọn tí a jọ jókòó kò sì kọjá àyà mi.

Ọdún mẹ́ta yẹn, ọ̀dọ̀ Bàbá ni mo ti lò ó. Mo ń gbé oúnjẹ lọ, n kì í sì í tètè padà. A jọ ń jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan náà, níta, nítorí kì í jẹ́ kí oúnjẹ wọ yàrá bátìrì. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń ti ọ̀pá onígíláàsì bọ inú ìgò, kí a fa ásíìdì díẹ̀ sókè, kí a wo ibi tí ohun tó léfòó nínú rẹ̀ dé. Kò mọ nọ́ńbà ara rẹ̀ kà. Ó ti fi fáìlì fa ìlà síbi tó dára àti síbi tí kò dára. "Bátìrì ò ní sọ fún ọ pé ebi ń pa òun," ó máa ń wí. "Ìwọ ni wàá bi í." Mo ti jókòó nínú kíláàsì ní Jámánì láti ìgbà náà, pẹ̀lú àwọn tí mo lè bí, mo sì gba ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ yìí. Kò sí ohun tí wọ́n kọ́ mi níbẹ̀ tó yí ọ̀rọ̀ Bàbá padà.

Ní ìgbà òtútù tó kọjá, mo kírun Àyílà ọ̀sán tán, mo pe Àǹtí gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń ṣe lójoojúmọ́. Tẹlifóònù ilé kò dún. Ẹ̀rọ ló ń bá mi sọ̀rọ̀ pé ẹni tí mò ń pè kò sí. Èyí tó ń gbé dání náà wà ní pípa. Mo dúró nínú àjà ilẹ̀ ilé ẹlòmíràn, kọ́bọ́ọ̀dù ṣí sílẹ̀ níwájú mi, mo sì mọ̀ pé iná ti lọ nílé rẹ̀. Mo pe Bímpé, tó ní ṣọ́ọ̀bù irun ní ìsàlẹ̀ ilé yẹn, tí kọ́kọ́rọ́ Àǹtí wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bùọ̀dá, kò síná o," ó wí. "Láti bí aago mẹ́wàá. Oníbàárà mi jókòó síbí pẹ̀lú ìdajì orí."

"Bátìrì wà nídìí ráútà Àǹtí. Ó yẹ kó gbé e fún wákàtí mẹ́ta. Tẹlifóònù wọn kò dún."

"Bóyá Àlàájà ń sùn."

"Bímpé, jọ̀ọ́, gun òkè."

"Aufzug tó ń gbé wa ròkè ò ṣiṣẹ́ nígbà tí kò síná."

"Mo mọ̀."

"Àjà kẹsàn-án ni, Bùọ̀dá. Ẹ máa ra orúnkún tuntun fún mi." Mo gbọ́ tó ń sọ fún oníbàárà rẹ̀ ní èdè Jámánì pé òun ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mò ń gbọ́ lórí àtẹ̀gùn, àti èémí rẹ̀. Kò pa ìpè náà. Èmi náà kò pa á. Mo gbọ́ kọ́kọ́rọ́. Mo gbọ́ tó ń pè, "Àlàájà? Àlàájà?" Mo gbọ́ ilẹ̀kùn kejì. Ó wá ní, "Mo ti rí wọn. Wọ́n wà láàyè. Ilẹ̀ bálùwẹ̀ ni wọ́n wà." Ohùn Àǹtí wá láti ọ̀nà jíjìn, ó ń bi í pé, "Ta lo fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún?"

Ó ti lé ní wákàtí méjì tó ti wà níbẹ̀. Òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú lé ọwọ́, ọrùn ọwọ́ náà sì dá. Ó ti tẹ bọ́tìnnì títí ó fi sú u. Bímpé pe ọkọ̀ ọsibítù. Mo ti kọ́bọ́ọ̀dù náà pa, mo sọ fún ọ̀gá mi, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Hamburg.

Ilé rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ, láti mú aṣọ àti ìwé rẹ̀. Iná ti dé nígbà náà, Aufzug ti ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn, kò sí ohun tó ń ró nínú ilé. Fíríìjì kò kùn. Okùn rẹ̀ wà ní kíká, a fi àkísà so ó. Ti tẹlifíṣọ̀n náà bẹ́ẹ̀, ti kẹ́tùlù bẹ́ẹ̀, ti ṣájà bẹ́ẹ̀. Mo tẹ̀ba lábẹ́ tábìlì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti pa àpótí bátìrì mi. Ó yọ ọ́ lára ògiri, ó yọ ráútà àti àpótí bọ́tìnnì lára rẹ̀, ó ká okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó so wọ́n mọ́ra dáadáa. Inú bí mi. Mo ti sọ fún un pé kó má fọwọ́ kàn án. Mo jókòó sílẹ̀, mo tẹ súwíìṣì àpótí náà láì kì í mọ́ ògiri, láti mọ bí bátìrì rẹ̀ ṣe kù sí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Píì. Ó dákẹ́ díẹ̀. Píì. Bí ó ṣe máa ń ké nìyẹn bí ó bá ń jẹ iná inú ara rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ ní àjà ilẹ̀, etí mi kò kà á sí mọ́. Mi ò sọ fún un pé á ké. Gbogbo nǹkan ni mo mọ̀ nípa àpótí yẹn, mi ò sì sọ èyí fún ẹni tí mo gbé e wá fún.

Ó wà lórí ibùsùn nígbà tí mo dé ọsibítù, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú POP, gèlè rẹ̀ sì dúró dáadáa.

"Ṣé o ti jẹun?" ó wí.

"Ẹ kú ìrora, Àǹtí. Ẹ pa àpótí yẹn."

"Ó ń ké."

"Mo mọ̀."

"Iná lọ, mo pa gbogbo ilé, òun nìkan wá ń ké. Mo ní ó fẹ́ gbiná. Mo ní kí n pa á kó tó ba ohun tí ọmọ yìí ru wá láti Berlin jẹ́." Ó wo ojú fèrèsé. "Fírísà yẹn náà ké kó tó jóná. Mo gbọ́ ọ."

N kò mọ èyí tẹ́lẹ̀. Kò sọ ọ́ fún ìyá wa. Mo rò pé kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

"Ọwọ́ rẹ kan etí," ó wí. "Èmi ni mo wá lọ ka ìwé náà tán."

"Àǹtí, iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun lónìí, ìdí Bàbá ni mo ti kọ́ ọ, lọ́dún mẹ́ta yẹn."

"Má fi ìyẹn tù mí nínú."

"Mi ò tù yín nínú. Bó ṣe rí ni mo sọ."

Àǹtí ti àwo oúnjẹ rẹ̀ sún mọ́ mi, mo jẹ pòtétò tó kù nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì obìnrin kan tó ń bójútó ọ̀ràn ilé fún àwọn aláìsàn wá pẹ̀lú fọ́ọ̀mù. Ó ní ẹ̀rọ tí kò dáhùn fún wákàtí méjì kò ṣeé fọkàn tán, Pflegeheim ni òun máa kọ. Mo sọ fún un ní èdè Jámánì pé ẹ̀rọ náà kò ṣẹ̀, ẹni tó gbé e kalẹ̀ ló ṣẹ̀, èmi sì ni. Àǹtí jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Òun náà wá sọ tirẹ̀, ó sọ ọ́ tààrà: kí wọ́n jẹ́ kí òun padà sílé, kí àbúrò òun pa iná ilé náà, kí ó wo ohun tí òun máa ṣe. Bí ọwọ́ òun bá tún lọ sídìí àpótí yẹn, òun á fi ọwọ́ ara òun gba fọ́ọ̀mù náà. Obìnrin náà wò wá. Ó ní òun á pe ilé ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí òun gbọ́ ibi tó já sí.

Mo lè fi téèpù lẹ súwíìṣì náà. Mo lè ti àpótí náà mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, kí n gbé kọ́kọ́rọ́ lọ sí Berlin. Mo ronú sí i lóru àkọ́kọ́ tí a padà sílé. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tí a bá ń ti nǹkan mọ́ nínú ilé ara rẹ̀, inú Pflegeheim ló ti wà yẹn.

Mo ti ki àpótí náà mọ́ ògiri padà. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán lọ́jọ́ kejì, mo lọ sídìí àpótí fíúùsì lẹ́bàá ilẹ̀kùn, mo pa iná gbogbo ilé. Fíríìjì dákẹ́. Àǹtí dìde kí n tó sọ nǹkan kan. Ọwọ́ kan ló fi ṣe é, ó lọ sídìí fíríìjì, ó yọ ọ́. Ó yọ kẹ́tùlù, ó yọ tẹlifíṣọ̀n. Kò lè so okùn wọn, ó kó wọn jọ sílẹ̀. N kò dá a dúró. Ohun tó ń ṣe dára. Ó wá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àpótí náà ń ké lábẹ́ tábìlì. Ó fara ti tábìlì náà, ọwọ́ rẹ̀ sì ti wà lójú ọ̀nà ìsàlẹ̀.

"Ó ń ké," ó wí.

"Ẹ jẹ́ kó ké. Kò jóná. Iṣẹ́ ló ń ṣe."

"Báwo ni mo ṣe máa mọ ìyàtọ̀?"

Mo ní, "Ẹ tẹ bọ́tìnnì."

Ó fa ọwọ́ náà padà. Ó wá a lábẹ́ aṣọ, ó tẹ̀ ẹ́. A dúró. Ohùn obìnrin kan jáde láti inú àpótí kékeré náà, ó kí i, ó bi í bóyá nǹkan ṣẹlẹ̀. Àǹtí tún gèlè rẹ̀ ṣe bí ẹni pé obìnrin náà ń wò ó. Ó dá a lóhùn ní èdè Jámánì pé kò sí nǹkan, iná ló lọ nílé òun, òun ní kí òun mọ̀ bóyá wọ́n ń gbọ́ òun. Obìnrin náà ní àwọn ń gbọ́ ọ dáadáa. Àǹtí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo yíjú sí àpótí fíúùsì láti dá iná padà.

"Dúró ná," ó wí. Ó fa àga kan wá, ó jókòó síwájú tábìlì náà, ó gbé ọwọ́ tó wà nínú POP lé itan. "Jẹ́ kí n gbọ́ ọ díẹ̀ sí i."

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ń ké, a sì ń gbọ́ ọ.